Èémí Tí Bàbá Bùsọ́lá Fi Ń Jà

Tí mo bá sọ fún ará Ìsọlọ̀ pé Kétu ni mo ti wá, ohun tí wọ́n máa ń fún mi lésì ni pé, "Kétu ibí yìí náà? Wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì, kí ilẹ̀ tó ṣú o ti délé." Kétu tiwọn wà nínú Èkó. Kétu tèmi wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń sọ Faransé níléèwé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo máa ń dúró ṣàlàyé. Mo tiẹ̀ máa ń fi igi yàwòrán bọ́dà sórí ilẹ̀. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Wọ́n kàn gbà pé ọmọkùnrin kan wà tí àárò Kétu ń sọ gidigidi, ṣùgbọ́n tí ọ̀lẹ kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀.

Mo ti rò pé èdè kò ní dà mí láàmú, nítorí Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ni ojú mi là. Ìyá Blessing, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé tí mo gba yàrá sí, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé. Mo kí i, mo ní kó ta pẹ́ẹ̀nì fún mi. Bí a ṣe ń pe búrẹ́dì nílé wa nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé la ti kó o. Ìyá Blessing na bírò kan sí mi.

Mo ní, "Rárá, mà. Èyí tó tóbi ni mo fẹ́."

Ó wá bírò gbọ̀ọ̀rọ̀ kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára páálí.

Mo ní, "Èyí tó rọ̀, mà. Mo fẹ́ fi mu tíì ni."

Ìyá Blessing wò mí títí. Ó rọra na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ júwe búrẹ́dì tó wà nínú gíláàsì ló tó mí èémí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ẹnì kan tó ń jẹ bírò ti kó wá sílé Bàbá Bùsọ́lá.

Táìlì ni iṣẹ́ mi, lábẹ́ ọ̀gá kan ní Ṣógúnlé. Orí eékún ni mo máa ń wà láti àárọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé onílé. Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, nítorí lójú wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà Kùtọnu wá, Àgànyìn ni. Mo ní ọmọ Yorùbá ni mí. Wọ́n ní kò burú, kí Àgànyìn tó jẹ́ Yorùbá lọ pọn omi wá. Lọ́jọ́ tí mo dá tẹ́ pálọ̀ kan fúnra mi, ìyá onílé náà bọ́ bàtà, ó rin ilẹ̀ náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Àgànyìn, ẹsẹ̀ mi ò kọ nǹkan kan." Mo yọ̀ débi pé mo gbàgbé láti bá a jiyàn lórí orúkọ.

Bàbá Bùsọ́lá, onílé wa, jẹ́ ará Èkìtì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àǹtí Bùsọ́lá, ń ṣe tíṣà ní Ailegun. Bàbá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, láàárín eruku òwú. Ó sì mu sìgá bí ẹni pé wọ́n fi jẹ oyè. Ó ti fi sìgá sílẹ̀ kí n tó dé, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń fi ìka méjì di pákò mú.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kẹ́hìndé, ará Ìjẹ̀bú, ló ni ilé tó kọjú sí tiwa. Gọ́tà kan ló là wọ́n láàárín, gọ́tà náà sì ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí láràárọ̀. Èyí ní pàǹtí tọ̀hún ló dí i, tọ̀hún ní pàǹtí èyí ni.

Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn, mo rò pé ẹnì kan máa kú. Bàbá Kẹ́hìndé ní orí Bàbá wa dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi se ẹ̀wà jóná. Bàbá wa ní ó sàn ju ti ẹni tí etí rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Mo sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, mo ń bẹ̀bẹ̀. Nílé wa ní Kétu, ohun tí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ máa ṣe nìyẹn.

Bàbá wa wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Dìde, ò ń dí wa lọ́wọ́."

Wọ́n sì ń bá a lọ lórí mi. Ìyá Blessing ló wá fà mí kúrò. Ó ní, "Bọ̀dá Kùtọnu, má dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn káàárọ̀ nìyẹn."

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ wa kì í ju "ṣé o jẹun" àti "ṣé ara le" lọ, nítorí èmi náà kò ní nǹkan tí mo lè sọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀? N kò mọ ẹnì kankan. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń pe èrò Ìlasa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti ìjà yìí, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá pè, kì í béèrè mi mọ́. Ó máa ní, "Kí ni wọ́n sọ lónìí?" Ó ń ṣe ti Bàbá Kẹ́hìndé, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló jinlẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe ti Bàbá wa. Mo gbọ́ pé wọn kò kí ara wọn fún odindi ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ etí àti ilẹ̀kùn yẹn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ìsọlọ̀. N kò lè sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ń fetí sílẹ̀ láràárọ̀ kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń fetí sí ọ̀rọ̀ àdúgbò kan kò lè jẹ́ àlejò ibẹ̀ tán pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni èémí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Orí àtẹ̀gùn ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dúró láàárín ọ̀nà, ó máa ń di irin mú, ó máa ní òun ń wo ògiri bóyá ó fẹ́ ọ̀dà. Ó wò ó títí gbogbo wa fi gbà pé ilé náà fẹ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kẹ́hìndé sọ tirẹ̀ tán, Bàbá wa na ìka sí i, ó ní, "Ìwọ, ìwọ tí... ìwọ..." Kò lè sọ ìyókù. Àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò tí wọ́n dé ní ìdajì. Ó fọwọ́ ti ògiri.

Bàbá Kẹ́hìndé dúró. Ó ní, "Mò ń gbọ́."

Bàbá tún gbìyànjú. "Ìwọ..."

Bàbá Kẹ́hìndé lọ gbé àga kan wá, ó gbé e kọjá gọ́tà, ó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó padà sí ààyè rẹ̀. Bàbá jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wá, Bàbá Kẹ́hìndé wọlé. Kò yọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìjà. Èmi tó jẹ́ pé ariwo wọn ni mo fi ń jí, mo sùn kọjá àkókò iṣẹ́. Ọ̀gá mi bínú. Mo ní àwọn bàbá àdúgbò mi kò jà ni, sà. Ó ní kí n lọ pọn omi.

Àǹtí Bùsọ́lá gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Blessing ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ikọ́ fée ni, ṣùgbọ́n dókítà ní kì í ṣe ikọ́ fée. Ó ní sìgá àti eruku ló ti fún ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró Bàbá, àti pé kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn lè máa là á. Wọ́n fún un ní ìnhélà, ìgò kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tẹ̀ kí oògùn fín sí ẹnu, fún ìgbà tí èémí bá há. Àǹtí bẹ̀ mí pé kí n máa ran Bàbá létí, nítorí èmi ni yàrá mi súnmọ́ tirẹ̀ jù.

Bàbá gba ìnhélà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ máa fa èémí wọlé jẹ́jẹ́ lásìkò kan náà tí ò ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, á pa ẹnu dé, á gbé e mì, á sì wá fa èémí nígbà tí oògùn ti dé inú ikùn. Nígbà mìíràn ó máa fà tán kó tó tẹ̀ ẹ́, ìkùukùu funfun á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ìgbà sìgá.

Mo ní, "Bàbá, ó ń jáde."

Ó ní, "Jẹ́ kó jáde. Inú mi ti mọ̀ pé ó wá."

Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní irú mìíràn wà fún lílò ojoojúmọ́, èyí tó rí bìrìkìtì, tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun. Kò sí títẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn máa fi agbára fà á lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bàbá ní èyí ló bá òun mu, agbára ni òun mọ̀. Nígbà tí a délé, ó gbé e sẹ́nu, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò fà á o, ó fẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun bò ó lójú, ó kan irùngbọ̀n. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún, tí wọ́n sì fọ́n pọ́dà sí lára. Ìyá Blessing tó ń kọjá lọ ní kí Ọlọ́run bá wa dá ọmọ náà sí.

Nígbà tó wá mọ bí a ṣe ń fà á, agbára náà kò tó. Ohun tí ó yẹ kó sáré wọlé ń rìn bí ẹni tó ń lọ san owó orí.

Ọ̀sẹ̀ ọyẹ́ ni èémí há mọ́ Bàbá gan-an. Ọ̀sán ni, mo wà nílé nítorí sìmẹ́ńtì kò tíì dé ibi iṣẹ́. Ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀. Àǹtí Bùsọ́lá ti yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èyí tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tí èèyàn á máa mí wọlé láìkán ara rẹ̀ lójú. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa ti kọ iṣẹ́, èyí tó wà nítòsí kò sì ju ti Bàbá Kẹ́hìndé lọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sáré sí òdìkejì."

Bàbá kọ̀, ó mi orí. Ó fi ìka sọ fún mi pé kàkà bẹ́ẹ̀, kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òun.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ ẹ ni mo ti gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bú lódìkejì. Wáyà gígùn kan já wọ ojú fèrèsé, orí rẹ̀ balẹ̀ sórí ibùsùn. Mo yọjú. Bàbá Kẹ́hìndé dúró létí gọ́tà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé wáyà náà ti òkè já bọ́. Mo fi ẹ̀rọ náà bọ iná, mo fi ìbòmú rẹ̀ sí Bàbá lójú. Díẹ̀díẹ̀, àyà rẹ̀ rọlẹ̀, ètè rẹ̀ pọ́n padà.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Iná ta nìyí?"

Mo ní, "Iná ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé iná ni."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Bàbá, oògùn ń wọlé."

Ó wo wáyà náà títí dé ojú fèrèsé. Ó ní, "Irú wáyà burúkú wo nìyí? Ará Ìjẹ̀bú nìkan ló lè ra irú èyí." Ó sì di ojú, ó ń mí.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pe ìyá mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù bà mí, pé mo ti rò pé bàbá kan máa kú lọ́wọ́ mi nílẹ̀ òkèèrè, kí n sì máa wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n omi ló dà lójú mi. Ìyá mi dúró títí mo fi sunkún tán. Ó ní, "Sọ fún bàbá náà pé mo kí i." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kí Bàbá wa, nítorí ti Bàbá Kẹ́hìndé ló ń ṣe.

Ilé ìwòsàn tí a lọ lẹ́yìn ìyẹn ni a ti pàdé nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó sanra, tí kì í kánjú. Gbogbo àwọn tó ti rí Bàbá tẹ́lẹ̀ ti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń lo ìnhélà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí Bàbá lò ó kí òun rí i. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó pa ẹnu dé, ó gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ ti ń jẹ oògùn yìí láti ìgbà wo?"

Bàbá ní, "Kò tiẹ̀ dùn."

Kò fi Bàbá ṣẹ̀sín. Ó mú ike gígùn kan tó ní ihò níwájú àti lẹ́yìn, ó ki ìnhélà bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí Bàbá gbé ẹnu sí iwájú. Ó ní oògùn á dúró sínú ike náà de Bàbá; kò sí pé Bàbá ń sáré bá a. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó fa èémí jẹ́jẹ́, kó dì í mú títí a ó fi ka ẹẹ́wàá, kó tó mí jáde. Ó ní èyí tí Bàbá á máa lò lójoojúmọ́ náà máa jẹ́ èyí tí a ń fín dípò ìyẹ̀fun, kí ó gba inú ike kan náà, kí Bàbá sì máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá wo ike náà. Ó ní, "Ó jọ ìgò ọmọdé. Mi ò ní máa mu ọmú."

Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí èémí yín bá padà dé díẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Àǹtí Bùsọ́lá ti fẹ́ dáhùn pé kí ó lè máa gun àtẹ̀gùn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Mo fẹ́ parí gbólóhùn kan."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé, Bàbá á gbé ike sẹ́nu, èmi á máa kà. Nígbà tí mo fi Yorùbá Kétu ka ẹẹ́wàá, Bàbá ń dúró ṣàtúnṣe sí bí mo ṣe ń pe é, èémí á sì ti jáde. Ni mo bá ń fi Faransé kà. Kò gbọ́ ọ, kò lè bá mi jiyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Blessing kékeré náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá mi kà á. Ìyá rẹ̀ ní iléèwé tí òun ń san owó fún kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bàbá ṣì ń wo ògiri àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ tí ó ń pe orúkọ Bàbá Kẹ́hìndé láti ìsàlẹ̀.

Mo sáré jáde. Gbogbo ayálégbé ti yọjú. Bàbá Kẹ́hìndé jáde, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó wo Bàbá wa látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ tí ò ń mu ọmú ike, tí Àgànyìn ń fi Faransé ka èémí fún bí ẹni ń ka iṣu, ìwọ lo ní ẹnu?"

Bàbá wa fa èémí jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ Kétu ni, kì í ṣe Àgànyìn, ìlú tó ní ọba tó sì ní odi ló ti wá nígbà tí àwọn baba ńlá tìẹ ṣì ń bá akàn du ihò létí ọ̀sà, ìwọ tí etí rẹ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a lè sá aṣọ sí i lẹ́ẹ̀rùn, tí o sì ń da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú gọ́tà mi láti ìgbà tí Bùsọ́lá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, o ò sì tíì tọrọ àforíjì."

Ó parí rẹ̀. Kò já níbì kan. Ìyá Blessing pàtẹ́wọ́.

Bàbá Kẹ́hìndé ronú sí i. Ó ní, "Èèpo àgbàdo ni. N kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ó wọlé, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ kó tó yí padà. Bí ẹni tí ó rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù ló rí.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní òun náà ń wúkọ́, láti ọjọ́ pípẹ́, iléeṣẹ́ aṣọ kan náà sáà ni òun àti Bàbá Bùsọ́lá ti jẹ eruku. Ó ní kí n rọra yá òun ní ike náà, kí bàbá yẹn má mọ̀.

Bàbá wa ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "A kì í yá ara ẹni lóògùn, aláìmọ̀kan. Wọ bàtà rẹ."

Àwa mẹ́ta la jọ wọ kẹ̀kẹ́, èmi láàárín, nítorí wọn kò gbà kí ara wọn kan ara wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà Bàbá Kẹ́hìndé tán, ó ní dókítà á rí i, wọ́n á sì wọn èémí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ oògùn kankan. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní òun á kọ́ mi bí n ó ṣe máa ran bàbá mi lọ́wọ́, ó sì wo àwọn bàbá náà.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ni ọmọ yìí nínú yín?"

Àwọn méjèèjì sọ ọ́ papọ̀. "Tèmi ni."

Bàbá wa ní ilé ta ni mò ń gbé? Bàbá Kẹ́hìndé ní wáyà ta ni mo fi bọ iná? Bàbá wa ní òun ni mò ń ka èémí fún láràárọ̀. Bàbá Kẹ́hìndé ní ìyá mi fúnra rẹ̀ ń ṣe ti òun. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ohùn wọn gba gbogbo yàrá náà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó ti fi ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà padà sétí, ó gbé e lé ẹ̀yìn Bàbá Kẹ́hìndé.

Ó ní, "Ẹ má dákẹ́, Bàbá. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń lọ."

Wọn kò dákẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè èrò mi, inú mi sì dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.